Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Bá Mi Tọ́ Ọtí Wò

Mo rántí ìgbà tí àga oníke máa ń ké bí mo bá fìdí lé e. Mo sanra débi pé bí mo bá wọ takisí ní Pobè, àwọn èrò á máa wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n iyì ni ara mi jẹ́ nínú ẹbí wa, nítorí èmi àgbà ọmọbìnrin ilé ni mò ń gbé ọtí lọ sílé àna. Ẹni tó gbé ọtí wá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Èmi kì í tọ́ ọ wò lásán. Ife kan gbáko ni mò ń dà sọ́fun, ahọ́n mi kì í sì í kọsẹ̀.

Nígbà tó yá, orúnkún mi kò gbé mi mọ́. Ọmọ mi tó wà ní Faransé mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gé ikùn mi títí ó fi kù bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Dókítà kìlọ̀ pé kí n jìnnà sí ọtí pupa àti bíà, pé ọtí máa ń tètè pa irú àwa tí wọ́n gé ikùn, ó sì lè di bárakú. Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní kò ṣáà dárúkọ sódàbì. Ẹ̀mu tí a sè di líle, tí a wá kó egbò igi sí fún inú rírun, ṣé ìyẹn náà ni ọtí? Oògùn inú ni, inú mi ni wọ́n sì gé.

Mo fúyẹ́ nígbà tí mo padà dé. Àwọn ará wa ní Issaba ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹun díẹ̀ báyìí, inú ti kún. Ẹni tó ti fi oúnjẹ ṣe ọ̀rẹ́ láti kékeré, kí ló kù fún un? Ife kékeré láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án. Oúnjẹ kò ráyè, ọtí ń ráyè. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo rò pé alájẹkì ni wọ́n ń bá wí.

Ó wá di ọjọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ àbúrò mi ní Sakété. Ọmọkùnrin náà fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí débi pé òun fúnra rẹ̀ ló nu igò ọtí. Mo dìde, mo da ife kan sọ́fun, ilé bẹ̀rẹ̀ sí yí. Dípò kí n tọrọ ọmọ wọn, ọmọ wa ni mo ń fi lọ̀ wọ́n. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ ẹ! Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọṣọ. Kìkì pé ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo.” Lẹ́yìn náà mo gbé orí lé èjìká baba ìyàwó, mo sùn lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo mú un wọ́.

Baba ìyàwó ní òun kò fọ́mọ fún ilé ọ̀mùtí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní, “Tàǹtí yìí náà ni kó padà wá, kójú rẹ̀ ó dá.” Ọmọ àbúrò mi kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Tàǹtí, ṣé ẹ lè ṣe é?” Ìbéèrè yẹn dùn mí ju èébú lọ, nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Mo da sódàbì nù, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Oògùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá dókítà ní Pobè, mo sọ òótọ́ fún un, ó sì tọ́jú mi.

Ọjọ́ pé, a padà sí Sakété. Wọ́n gbé ife lé mi lọ́wọ́, itọ́ kún ẹnu mi. Bí n kò bá tọ́ ọ wò, wọn ò ní mu ún. Bí mo bá sì tọ́ ọ wò, n ó tún bẹ̀rẹ̀ sí polówó ọmọ wa. Mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátá. “Ẹ̀yin baba wa tó ti lọ, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ikùn tiyín, ẹnikẹ́ni ò gé e.”

Baba ìyàwó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́.

“Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn,” ló wí. “Ọtí náà dáa.”

Ìyàwó náà ti di ìyá ọmọ báyìí. Bí ẹbí bá pé jọ, òun ló ń gbé omi wá fún mi kí wọ́n tó ṣí igò. Wọ́n á máa sọ ìtàn mi, èmi náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òórùn sódàbì ṣì ń pè mí, ọwọ́ méjèèjì ni mo sì fi ń di ife omi náà mú.