Ẹ̀bẹ̀ Ni Bàbá Mi Gbà, Wọn Kò Ta Ẹsẹ̀ Wọn

Nígbà tí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìwé ní Ajue, láyé ìjọba ológun tí a ń tò torí ṣúgà àti ọṣẹ, ọkọ̀ agbégẹdú kan fi ẹ̀yìn gbá bàbá mi ní Ore. Ẹ má tíì káàánú mi o, ọ̀rọ̀ náà dára nígbẹ̀yìn. Bàbá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú àpò kòkó, wọ́n ń wá ọkọ̀. Awakọ̀ náà ń padà sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ta ọsàn níbẹ̀ pariwo títí, kò gbọ́. Egungun itan bàbá mi ló kán.

Ó jinná ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ. Ẹni tó ń ṣán oko kòkó láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Gbèsè ilé ìwòsàn wá dé, ẹbí ní ká fi oko náà yáwó. Bí ẹ kò bá mọ̀, oko tí a bá fi yáwó, ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká kòkó rẹ̀ títí a ó fi san án tán. Ẹlòmíràn á kú kó tó gba oko rẹ̀ padà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí oko yẹn la fi ń jẹun.

Ẹni tó ni ọkọ̀ wá bẹ̀ wá. Alhaji kan ni, oníṣòwò gẹdú ní Ore. Ó kó àwọn àgbà dání, ó gbé iṣu àti epo wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ, ní àwọn ti dárí jì í. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá ti jẹ iṣu ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí o bá tún la ẹnu, wọ́n á ní o lójú kòkòrò.

Ìyá mi nìkan ni kò dákẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá wọn, ẹ dárí jì í, ó dáa. Ta ni yóò wá roko?" Bàbá mi ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyá mi ṣáà fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Okitipupa, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

A bá ọkùnrin kan láti ìlú Ago Alaye níbẹ̀, tí ọ̀kadà ha ní apá. Lọ́yà ní kó gba ẹ̀bẹ̀, kó máa lọ ilé, pé owó ọkọ̀ tí yóò fi máa wá yóò ju ohun tí yóò gbà lọ. Bí bàbá mi ti gbọ́ báyìí, inú wọn dùn, wọ́n dìde, àwọn náà fẹ́ máa lọ. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, bàbá. Tiyín kì í ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ yín kò ní padà sí bó ṣe wà, iṣẹ́ yín sì ti bá a lọ. Ṣé ẹnikẹ́ni rí ìjàǹbá náà?" Ìyá mi ní àwọn ọlọ́sàn rí i. Lọ́yà ní kí a má jẹ́ kó pẹ́, kí ẹnu wọn má baà yí padà. Ó wá béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní inṣọ́ránsì.

Àwa àti lọ́yà gba Ore lọ. Ojú Alhaji kọ́kọ́ fà ro, ó rò pé a fẹ́ gba ọkọ̀ òun. Nígbà tí lọ́yà ṣàlàyé fún un pé ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ni yóò san owó ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbá, ẹnu yà á. Ọdọọdún ló ń ra inṣọ́ránsì náà, ó rò pé torí kí ọlọ́pàá ojú títì lè jẹ́ kóun kọjá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe àwọn ọlọ́sàn wá jẹ́rìí. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po, lọ́yà kò gbà, wọ́n sì sanwó láìjẹ́ pé a dé kóòtù.

Gbèsè kúrò, a gba àwọn alágbàṣe, oko kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi fi ọ̀pá tilẹ̀ dé etí oko, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì sunkún ayọ̀. Èmi náà sunkún.

Lóde òní, ẹni tí ọ̀kadà ha lásán á ti yọ fóònù, á ní òun ń pe lọ́yà. Ẹni tí egungun rẹ̀ kán á ní òun ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ dárí ji èèyàn, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò roko. Gbogbo ọdún Iléyá ni Alhaji ń gbé ẹran wá fún wa títí bàbá mi fi kú, a máa ń fi iṣu jẹ ẹ́, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.