Àmín Tí A Ṣe sí Ọgbà Ìgbafẹ́

Òórùn sípírítì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní àdúgbò wa ní Ìwó, ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, létí pápá tí àwa ọmọdé ti máa ń sáré kiri. Bí o bá ń kọjá lówùúrọ̀, òórùn sípírítì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ìdí ọmọ kó tó gún un lábẹ́rẹ́ á ti pàdé rẹ lójú ọ̀nà, ẹkún ọmọ náà á sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí. Nígbà tí mo fi di olùkọ́ ní Òṣogbo, tí mo ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, páànù orí ilé náà ti dípẹtà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, òjò sì ti ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá. Wọ́n ní ìlú ń fẹ̀, ìjọba fẹ́ tún àdúgbò wa ṣe, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ tẹnu wa. Èrò tiwọn ni pé kí wọ́n wó ilé ìwòsàn yẹn, kí wọ́n fi gbogbo ilẹ̀ náà ṣe ọgbà ìgbafẹ́, pẹ̀lú òdòdó àti àga símẹ́ǹtì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lè máa lọ sí ọsibítù ńlá ní òdìkejì ìlú. Wọ́n na àwòrán ọgbà náà sókè, ó sì dára lójú, n ò ní purọ́. Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú lórí ẹní ní pápá, àwa obìnrin wà lẹ́yìn lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù keje.

Ó fẹnu sí mi létí. Ìbàdíàrán ló máa ń pè mí, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. "Ìbàdíàrán, níbo la ó ti máa bímọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Ìyá Àdínnì, kí wọ́n ní ká tún ilé ìwòsàn ṣe ná. Òdòdó lè dúró."

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Obìnrin kì í ṣàdédé dìde sọ̀rọ̀ láàárín àwọn bàbá. Ẹnu Ìyá Àdínnì, tí wọ́n jẹ́ olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, ni ọ̀rọ̀ wa máa ń gbà jáde. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n mi orí. "Òótọ́ ni. Jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sọ tiwọn tán."

Bí ọkùnrin ilé wa bá rí àlejò níwájú, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ẹnì kejì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dúpẹ́, ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe gé igbó ibẹ̀. Ká tó mọ̀, ìrun Àsárì ti kù díẹ̀. Ìyá Àdínnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ ti orúnkún dìde ni alùfáà àgbà tẹ́wọ́ àdúrà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn ò kàn fẹ́ kí ìrun bọ́ ni.

"Ọgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wa yìí, Ọlọ́run má jẹ́ ká sunkún nínú ẹ̀."

"Àmín!" Gbogbo pápá ló dáhùn. Ta ni yóò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣe àmín? Ìyàwó wa pàápàá ṣe é, ó sì fọwọ́ pa ojú. Ìyá Àdínnì rọra padà jókòó. Mo wò wọ́n títí.

"Wọ́n ti ṣàdúrà sí i, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Àwọn àlejò palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ẹnu wa kò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi wó ilé náà, tí wọ́n ṣe ọgbà síbẹ̀, tí wọ́n sì gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni ìrọbí mú ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá Àdínnì gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n forí lé ọsibítù ńlá. Ọ̀nà kún fọ́fọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára rẹ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Àdínnì, tó gbé orí ìyàwó wa lé itan, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó kàn ń béèrè ibi tí àwọn dé ni. Ojú ọ̀nà ló kú sí. Àti òun àti ọmọ la sin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ilé wa kò gba èrò fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Inú ọgbà la ti ṣe é. A jókòó lórí àga símẹ́ǹtì tí òórùn tuntun kò tíì kúrò lára wọn, a ń sunkún. Alùfáà àgbà kan náà ló ṣàdúrà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ṣe àmín, àfi Ìyá Àdínnì. Nígbà tí a dìde, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "N ò ní ṣe é mọ́, àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ tẹnu mi."

Òdòdó ibẹ̀ ti gbẹ báyìí, ewúrẹ́ ló ń sùn lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìkà kan nínú ìpàdé yẹn kí n lè bínú sí i, n ò rí. Alùfáà kò fẹ́ kí ìrun bọ́, àwọn ọkùnrin fẹ́ dúpẹ́, àwa obìnrin fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọmọlúàbí ni gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà pàápàá bá wa ṣe àmín.