Bàtà Ọdún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, bàtà kan ṣoṣo ni ọmọ máa ń ní, bàtà ọdún sì ni. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń lọ sílé ìwé. Tí a bá kírun Ìtunu Ààwẹ̀ tán, ìyá mi á nu bàtà náà, á tì í mọ́nú àpótí páànù, ó di ọdún mìíràn. Ẹ wá wo ti ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkòròdú báyìí. Bàtà rẹ̀ ti kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti dé kọ́rídọ̀. Sílípáàsì ló sì ń wọ̀ tó bá ń fi ìdájí sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó! Bàtà gogoro á wà nínú báàgì. Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ rẹ̀ bi mí pé, "Màmá, bàtà mélòó gan-an ló tó èèyàn?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà. Tí ọdún bá ku díẹ̀, á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra bàtà l'Ékòó. Kò lè kó wa dání, nítorí náà ẹyọ ìgbálẹ̀ ló fi ń wọn ẹsẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka, á ṣẹ́ ìyókù dànù. Èyí tó kù ni yóò kì bọ inú bàtà lọ́dọ̀ oníbàtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ra tuntun fún. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dàgbà jù ú, àlòkù ni tèmi. Inú mi kì í dùn sí i rárá.

Lọ́dún kan, ìyá mi wọn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tán, ó gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ náà sójú fèrèsé, ó lọ wẹ̀. Mo mú un, mo ṣẹ́ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò ju èékánná mi lọ. Ohun tí mo rò ni pé bàtà náà kò ní wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fún mi.

Bàtà dé, funfun báláú. Ìyá mi ní, "Ṣé ó bá ẹ mu?" Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú rẹ̀ tí èéfín ẹja ti sọ di pupa, ó ní, "Ó bá mi mu, Ìyá. Ẹ ṣeun." Ó wọ̀ ọ́ lọ sí yídì, ó wọ̀ ọ́ bọ̀. Mo rí i pé ó ń tiro. Inú ń bí mi ni, pé kò bọ́ ọ fún mi.

Gìgísẹ̀ rẹ̀ bó. A fi epo pupa sí i, ó sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí a ti ń yan ẹja. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnu rẹ̀ kò là mọ́. Àwọn àgbà ní ipá ni, pé ojú egbò gìgísẹ̀ rẹ̀ ló gbà wọlé. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọn kò gbé e padà wá láàyè.

Nígbà tí ọdún mìíràn dé, ìyá mi mú bàtà funfun náà jáde, ó ń sunkún, ó ní kí n wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́.

Títí tí ìyá mi fi kú, ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Nínú àìsàn tó gbé e lọ, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pé, "Èmi ni mo wọ̀n ọ́n tó kéré." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo gbé omi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. N kò sọ ọ́.

Ayé ti yí padà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń wọ bàtà fún ọmọ lóde òní. Tó bá fún un lẹ́sẹ̀, á pariwo, wọ́n á mú òmíràn wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń wò wọ́n, ọkàn mi á bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ iye bàtà tó tó èèyàn. Ìyá mi ló yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ẹ̀yin ni mo wá ń sọ ọ́ fún.