Wọ́n ní èmi ni mo mú kí jẹnẹrétọ̀ gbóná

Ẹ gbà mí, iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ yìí ti sú mi!

Àlàájì kan n'Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló pè mí láàárọ̀ yìí. Rẹsísítáǹsì sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ wọn, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà, ga ju èyí tí páànẹ́lì tó ń fi ooru hàn lè kà lọ. Ẹ́ńjìnnì á máa hó, páànẹ́lì á ní ó tutù. Mo jó rẹsítọ̀ kékeré kan tó ń mú rẹsísítáǹsì náà wálẹ̀ mọ́ wáyà rẹ̀, ni páànẹ́lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́.

Àlàájì figbe ta: "Kó o tó dé, kò gbóná rí! Yọ nǹkan yẹn!"

"Àlàájì, ó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, ẹ ò kàn rí i ni."

"Mo ní kó o yọ ọ́!"

Mo yọ ọ́. Páànẹ́lì tún ní ó tutù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lóye iṣẹ́. Omi sì ń hó nínú rádíétọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ́ńjìnnì náà bá nọ́ọ̀kì lọ́la, tó kú pátápátá, ta ni wọ́n máa ní ó bà á jẹ́?