Agídìgbo Nùrẹ́nì, Etí Kàfáyá

Ẹni tó bá ti pẹ́ nílé iṣẹ́ irin ní Sàngó kì í rántí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Tó bá ní kí wọ́n bu omi fún òun mu, ará ilé kẹta á fẹ́ dìde lọ bù ú. Ẹ má bá wọn bínú. Níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tí ẹ̀rọ ń fà á gùn, tí wọ́n tún ń gé e, ariwo ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí nìkan gbọ́, ó ń mi ìfun nínú ikùn. Nùrẹ́nì ti wà níbẹ̀ látìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkìrun dé, ó sì wà níbẹ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, tí wọ́n fi ní kó máa lọ sinmi.

Nítorí ariwo yìí, ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ wálẹ̀, ó ní kẹ́ ẹ dín in kù ni. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́ sókè, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹni tó bá fi ìka kan etí ń sọ pé òun gbọ́. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò, àjòjì tó ń darí wọn, gbogbo wọn ló gbọ́ èdè yẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ níléèwé.

Èdè yẹn náà ni Nùrẹ́nì fi fẹ́ ìyàwó. Kàfáyá, ọmọ bíbí Ọ̀tà, wá ń gbálẹ̀ níbẹ̀ fún sáà kan. Nùrẹ́nì a máa kọrin nídìí ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ á máa ṣí, á máa pa dé, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan tó fara ti igi ìgbálẹ̀, tó ń wo òun, tó wá fi ìka kan etí. Orí Nùrẹ́nì wú, àfi bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Wọ́n ti bí Al-Ameen, àkọ́bí wọn, kó tó rántí bi í pé orin wo gan-an ló gbọ́ lọ́jọ́ náà. Kàfáyá ní, "Orin wo? Ta ló lè gbọ́ nǹkan nínú ariwo yẹn? Ẹnu yín tó ń lọ sókè sódò ni mò ń wò." Obìnrin náà kì í tan èèyàn, òótọ́ ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìka tó fi kan etí lọ́jọ́ náà ni irọ́ kan ṣoṣo tó pa fún ọkọ rẹ̀ láyé.

Ohun tí ilé iṣẹ́ irin ò tíì gbà lọ́wọ́ Nùrẹ́nì ni agídìgbo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àpótí igi tó ní ahọ́n irin lójú, tó máa ń gbé lé itan, tó ń fi ìka ta. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ó bá a níbi ìkómọ tàbí níbi níkáì. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń lọ tẹ́lẹ̀. Àpọ́nlé onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti padà sí Ọ̀ṣun, ó ní Sàngó ti sú òun. Àmọ̀dá alágogo kú. Dúrótoyè tó ń gbe orin ra ọ̀kadà sí Ìgbẹsà, èrò kì í sì í jẹ́ kó ráyè. Wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí igbó rẹ̀ ti wó tán lójú rẹ̀ ńkọ́? Kó máa dá a ṣe náà ló kù.

Agídìgbo kan ṣoṣo kò sì lè bá jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì jà. Nùrẹ́nì ní láti wá sípíkà tí yóò gbé ohùn rẹ̀ jáde, èyí tó ní bátìrì nínú, tí kò ní dúró de iná ọba, tí òun nìkan á sì lè gbé, nítorí ìbàdí rẹ̀ náà ti ń ráhùn. Ó kọ́kọ́ yá ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù àdúgbò, ó gbé e lọ síbi ìkómọ kan ní Ojú-Ọ̀rẹ. Ó ta agídìgbo, ó kọrin, ṣùgbọ́n létí tiẹ̀ ohùn náà kò yọ, ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ látinú àpò ìrẹsì. Ó yí i sókè. Ó tún yí i sókè. Àwọn àlejò ń gbé àga wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ní oòrùn ló ń lé wọn. Ìyá ìkókó gbé ọmọ wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Nùrẹ́nì ń palẹ̀ mọ́, bàbá àgbà ilé náà fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lọ sinmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ohun tí ilé iṣẹ́ sọ fún un gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó má padà wá mọ́. Láti ìgbà náà làwọn tó ń pè é sóde ti ń dín kù, títí tí fóònù rẹ̀ fi dákẹ́ pátápátá. Nùrẹ́nì di gbogbo ẹ̀bi ru sípíkà àyálò, ó ní ẹ̀rọ burúkú ni.

Ìgbà tó yá ni Dúrótoyè pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ. Ó ní, "Ọmọ-ọmọ mi kì í gborúkọ láìsí agídìgbo. Máa bọ̀ o." Nùrẹ́nì gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Tí mo bá tún ba ti Dúrótoyè jẹ́, ó parí. Ara ògiri ni mo máa gbé agídìgbo kọ́. Ó ti rẹ̀ mí, Kàfáyá."

 Kàfáyá dìde, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ra sípíkà tiyín."

Ìsàlẹ̀ bíríìjì Sàngó ni ṣọ́ọ̀bù Rauf wà. Rauf gbé mẹ́ta síta fún wọn. Èkíní ga dé ìbàdí èèyàn, ó ní táyà lẹ́sẹ̀, iná pupa àti iná búlúù ń sáré yí ojú rẹ̀ po. Èkejì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta kéré, ó ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká.

"Bàbá, eléyìí ni ọ̀gá gbogbo wọn," ni Rauf wí, ó ń fọwọ́ gbá èyí ńlá lẹ́yìn. "Orijínà ni. Tẹ́ ẹ bá ti ṣájì ẹ̀ dáadáa, ó máa bá yín ṣeré dalẹ́. Ẹ kàn máa wọ́ ọ lọ ni, kò nílò gbígbé."

"Ọ̀nà Ìgbẹsà ni wọ́n ti máa wọ́ ọ?" ni Kàfáyá bi í. "Táyà lọ́rì gan-an ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀."

Rauf rẹ́rìn-ín. Nùrẹ́nì kò gbọ́ èyí tí wọ́n ń sọ, ojú rẹ̀ ti wà lára èyí ńlá. Ó jókòó, ó gbé agídìgbo lé itan, Rauf so máìkì fún un. Bó ṣe ta á báyìí, ohùn ìsàlẹ̀ lù ú láyà gbì, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu kọrin, kò rí orin náà kó yọ jáde. Ó ní kí Rauf fi kún un. Rauf fi kún un. Ó ní kó tún fi kún un. Ẹni tó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú síta. Obìnrin aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ, ó fi dí etí.

"Bàbá, ó ti dópin," ni Rauf wí. Ó ní láti tún un sọ kí Nùrẹ́nì tó gbọ́. Wọ́n gbìyànjú èkejì, ẹjọ́ kan náà ni.

"Ṣé gbogbo ọjà yín ni kò lóhùn ni?" Inú ti ń bí Nùrẹ́nì.

Kàfáyá kò bá wọn dá sí i. Ó ní kí Rauf so èyí kékeré, òun fúnra rẹ̀ sọdá gọ́tà, ó lọ dúró lódìkejì títì. Bí Nùrẹ́nì ti bẹ̀rẹ̀ orin, ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lo èdè yẹn gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí orí tó rò ó, ọwọ́ ti yí i kù. Kàfáyá ṣì ń tẹ ọwọ́ wálẹ̀. Nùrẹ́nì ń dín in kù títí ohun tó ń gbọ́ fi di gbì, gbì, bí ẹni tí wọ́n ń gúnyán nílé ẹlòmíì. Ìgbà náà ni Kàfáyá di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kó fi kí ni sílẹ̀? Kò dún. Nùrẹ́nì wo àyíká rẹ̀ kó lè rí ẹni tí yóò bá a jẹ́rìí. Oní-fóònù ń mi orí sí orin náà. Aránṣọ ti padà sídìí iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé agídìgbo. Rauf fara ti ilẹ̀kùn, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Gbogbo ìsàlẹ̀ bíríìjì ló ń gbọ́ orin Nùrẹ́nì, àfi Nùrẹ́nì. Ara rẹ̀ tutù. Ó rọra gbé agídìgbo sábẹ́ apá, ó jáde, kò kí ẹnì kankan.

Orí bẹ́ǹṣì kan níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ni Kàfáyá ti bá a. Ó jókòó tì í.

"Látìgbà wo lo ti mọ̀?" ni Nùrẹ́nì bi í.

"Ó ti pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n á pe ìrun, èmi ni mo máa fọwọ́ tọ́ yín. Òjò á ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin á ṣì máa sá aṣọ. Al-Ameen á pè, kò tíì sọ nǹkan kan, ẹ ó ti máa ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Nùrẹ́nì ń wo ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ a máa fún wọn ní nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí nígbà náà. Ooru ibẹ̀ ń jẹ́ kó máa yún un, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì gbà pé ọ̀lẹ ló ń dí etí, ló bá ń jù ú sápò. Ó fẹ́ bínú sí ẹnì kan, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú.

"Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ló ń jó agídìgbo, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n," ló wí. "Wọn ò sọ pé adití ló ń lù ú. Jẹ́ ká máa lọ sílé. Kí Dúrótoyè wá ẹlòmíì."

Kàfáyá kò dìde, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó kàn kó èrò rẹ̀ lọ.

"Mi ò ní tàn yín. Etí yẹn ò ní padà. Àmọ́ ìka yín ò kú, ohùn yín náà ò kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lódìkejì títì ni. Ẹ̀yin ẹ máa lù ú, èmi á máa bá yín gbọ́ ọ."

"Gbogbo òde lo fẹ́ máa bá mi lọ?"

"Kí ni mò ń ṣe nílé? Èyí kékeré la máa rà. Òun ni apá mi ká."

Lọ́jọ́ ìkómọ, Dúrótoyè fi ọ̀kadà rẹ̀ wá gbé wọn wọ Ìgbẹsà nínú eruku, sípíkà kọ́ Kàfáyá léjìká, agídìgbo wà láyà Nùrẹ́nì. Wọ́n sọ ọmọ ní Toyibat. Nígbà tí àwọn àlùfáà ṣàdúà tán, Nùrẹ́nì jókòó, Kàfáyá gbé sípíkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rìn lọ sẹ́yìn, ó kọjá àga tó kẹ́yìn, ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ wálẹ̀. Ó dín in kù. Ó tún wálẹ̀. Ó tún dín in kù, ọkàn rẹ̀ ń ṣe é bíi kó yí gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣe é. Ẹ̀ṣẹ́ lọ sókè. Ohun tó kù fún un nínú orin ara rẹ̀ ni irin tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka, àti igi tó ń gbọ̀n lórí itan. Ó ń kọrin bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn nílé ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbé àga sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ìyá ìkókó gbé Toyibat jáde, ó wá jókòó sí iwájú gan-an, ọmọ náà kò sì jí. Dúrótoyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin láti orí ìjókòó rẹ̀. Nùrẹ́nì rí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé, ibẹ̀ ló ti mọ ibi tí orin dé. Ẹ̀rù bà á pé bóyá òun ti ṣìnà. Ó wá ojú ìyàwó rẹ̀ lọ sẹ́yìn.

Kàfáyá kò tẹ ọwọ́ wálẹ̀, kò sì di ẹ̀ṣẹ́. Ó fara ti igi máńgòrò, ó fi ìka kan etí.

Lọ́jọ́ kìíní nídìí ẹ̀rọ irin, irọ́ ló fi ìka yẹn pa. Lónìí òótọ́ ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ ni kò gbọ́. Nùrẹ́nì tẹrí ba sórí agídìgbo, ó sì tún orin náà kọ látìbẹ̀rẹ̀ fún un.