Orí Ẹja Tí Mo Bù Fún Daddy

Bàbá àgbàlagbà tí a ń pè ní Daddy, tó ń gbé lókè ilé wa ní Thamesmead nílùú Òyìnbó, máa ń bá ìjẹ ẹja sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó ju ìjẹ oníròóbà sínú adágún omi àdúgbò wa, wọ́n á ní, "Rọra lọ, má dójú tì mí o."

Èmi ò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè dá mi dúró ní gbogbo òpópónà Nathan Way. Nígbà tí wọ́n pè mí pé ká jọ máa lọ pẹja, ìjẹ ńlá tó ń dán bíi wúrà ni mo rà. Daddy bú sẹ́rìn-ín: "Ẹja lo fẹ́ mú ni, àbí ìyàwó?" Tiwọn kéré, ó láwọ̀ ẹrẹ̀, òun lẹja sì ń gbé mì. Tí wọ́n bá mú ẹja, wọ́n á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á dá a padà sómi.

Lọ́jọ́ tí èmi náà mú ẹja ńlá, Daddy ò sí níbẹ̀. Mo gbé e lọ sílé, mo fi se pẹpẹ súùpù. Àgbà ló ni orí ẹja, nítorí náà mo bù ú lọ fún wọn.

Wọ́n tẹjú mọ́ abọ́. "Níbo lo ti rà á?"

"Rà kẹ̀? Èmi ni mo mú un, Daddy! Nínú adágún wa!"

Wọ́n fọwọ́ kan ètè ẹja tó ti ya. "Ìwọ̀ mi ló ya á. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń mú un, tí mo ń dá a padà."

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín ni mo rín: "Ẹ̀yin náà! Ẹja lásán!"

Wọ́n rọra gbé abọ́ náà padà lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí lọ sétí omi mọ́.

Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Belvedere. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Pẹ̀lú bí mo ṣe lẹ́nu tó, mi ò lè tẹ agogo.