Mo Di Ohùn Ẹni Tó Ní Ohùn

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ìwé ẹ̀rí eré orí ìtàgé tí mo gbà ní yunifásítì ti sọ mí di olùgbàlà. Ẹgbẹ́ eré kan wà ní Sángo, tí àwọn òṣèré rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí òye wọn kì í tètè gbé nǹkan, èmi ni mo sì ń kọ́ wọn. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ló yá wa ní gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n jẹ́ ká gbàgbé oore náà.

Obìnrin kan láti Ọ̀tà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ló mọ eré ṣe jù nínú wọn. Bí ẹ bá kí i, bàbá rẹ̀ ni yóò dáhùn pé, “Ara rẹ̀ le.” Bí ẹ bá bi í bóyá ebi ń pa á, bàbá rẹ̀ ni ebi ń pa. Nínú eré wa, obìnrin náà ló ń ṣe ìyá onílé tó ń lé ayálégbé alágídí síta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ju èyí lọ: “Èmi ni mo nilé yìí. Ẹ kó ẹrù yín.” Ó máa ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì márosẹ̀ Abẹ́òkúta, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó gbẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé, “Tíṣà, bàbá mi máa gbọ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, máńéjà iléeṣẹ́ náà wá wò wá, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago. Ó ní, “Ọmọ yìí ń pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀. Àwọn àlejò mi ò ráyè. Tíṣà, ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí ẹ fi máíkì bá a sọ ọ́. Kó ṣáà máa la ẹnu.”

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó pe obìnrin tó dàgbà ju akọ̀wé rẹ̀ lọ ní ọmọ. Ó so báálúùnù mọ́ ògiri bíi pé ọmọ ọdún mẹ́ta là ń ṣọjọ́ ìbí fún. Ó pín bisikíìtì fún àwọn òṣèré, ó ní kí wọ́n má da èérún sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló dáhùn pé, “Ó dáa, sà”? Èmi ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Nígbà tó kan onílé, ó jáde tòun ti ìró àti gèlè. Kò tíì mí tí mo fi ké láti ẹ̀yìn aṣọ pé, “Èmi ni mo nilé yìí.” Ohùn ọkùnrin, ketekete. Ẹnìkan pariwo láàárín èrò pé, “Onílé ti hu irùngbọ̀n o.” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò la ẹnu. Ó rìn wá, ó ká aṣọ ìkélé náà sápá kan, gbogbo ayé sì rí mi níbi tí mo ti dì mọ́ máíkì.

“Èmi,” ló wí. Gbogbo wa dúró. “Ni mo nilé yìí.” Máńéjà wo aago. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. “Ẹ kó… ẹrù yín, Tíṣà.”

Mo kó o. Lẹ́yìn eré, àlejò kan kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá onílé.” Bàbá rẹ̀ la ẹnu, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún pa ẹnu náà dé. “A dúpẹ́, sà,” ni obìnrin náà fi dáhùn.

Títí dòní ni mo ṣì ń kọ̀wé ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́ náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kì í fèsì. Orúkọ mi ni mo máa ń fi ṣáájú nínú àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Máńéjà kò mọ ohun tí à ń pè ní eré. Èmi gboyè lórí rẹ̀.